Kí Wọ́n Tó Ní Kí N Dìde

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá," ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé wí, ó sì fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lórí tábìlì rẹ̀. "Ẹ fojú ara yín wò ó, Ìyá Ọmọ́yẹni."

Mo wò ó. Mo fi etí aṣọ nu ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ mi, mo tún un wò. Ogójì ìlà ewì ni òfin ní kí olúkúlùkù gbọ́ lóòjọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ ló ń kà á, agbára káká sì ni mo fi ń pé e. Lọ́jọ́ mìíràn mẹ́tàdínlógójì ni màá gbé dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, ilẹ̀kùn á kọ̀ jálẹ̀, màá wá dúró sínú òjò bí adìẹ títí ògiri á fi ka mẹ́ta tó kù sí mi létí. Wàyí o, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Lánàá nìkan ṣoṣo.

"Ọ̀gá, ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti ya wèrè," mo ní.

"Tuntun ni."

"Tuntun náà ń ya wèrè."

Kò rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ju Ṣóbándé lọ, àmọ́ òun ni ọ̀gá ẹ̀ka wa ní Iléeṣẹ́ Àlàfo, kì í sì í rẹ́rìn-ín kó tó di ọ̀sán. Inú iṣẹ́ ló ti pè mí. Bàbá aṣebúrẹ́dì kan ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni ilẹ̀kùn ààrò rẹ̀ fi ń ṣí láàárọ̀, bàbá náà kò sì ń ṣe nǹkan kan ní gbogbo mọ́kànlá yẹn ju kó máa wo iná lọ. Ìlà méjì á wọ ibẹ̀ wọ̀ọ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, kí n máa wá àlàfo tí ewì lè wọ̀ nínú ọjọ́ èèyàn. Mo ti fi ìlà mẹ́ta sí àárín ìgbà tí agbẹ̀bí kan ń fọwọ́. Mo ti fi ẹyọ kan sí àárín ìgbà tí awakọ̀ ọkọ̀ okùn, èyí tó ń gbé wa láti òkè dé òkè lójú òfuurufú, ń tú bíréèkì tí ọkọ̀ sì ń gbéra. Ẹ bi mí ní ibi tí àlàfo wà nínú ọjọ́ ẹlòmíràn, màá fi ìka tọ́ ọ fún yín. Tèmi ni mi ò rí rí.

"Ohun méjì ló lè fa irú èyí," ni Ṣóbándé wí. "Yálà ẹnì kan ń fọwọ́ yí ìlẹ̀kẹ̀, tàbí ewì kan wà nílé yín tí kò sí nínú Àká."

Àká ni wọ́n ń kó gbogbo ewì ìlú pamọ́ sí, ibẹ̀ la sì ti ń mú èyí tí à ń pín. Ẹni tó bá fọwọ́ yí ìlẹ̀kẹ̀, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ewì wo? Ta ló fẹ́ kéwì nílé mi? Èmi ni, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà ni, ìyá ọkọ mi ni. Bàbá Ọmọ́yẹni wà lójú òkun níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀rọ atẹ́gùn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ń rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́."

"Ilé ìdáná yín," ó ní, ó ń ka ohun tó wà níwájú rẹ̀. "Láràárọ̀, láti aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú títí di aago mẹ́fà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. "Háà! Ariwo Màámi nìyẹn!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láràárọ̀ mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi kí n tó jáde. Kíkúnlẹ̀ kò ṣòro, dídìde ni iṣẹ́. Bí orúnkún mi bá ti kanlẹ̀, Màámi á kọjú sí ògì tí wọ́n ń rò lórí iná, wọ́n á gbé ohùn kan tí kò ròkè tí kò rodò, wọ́n á máa kùn, wọ́n á máa kùn. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí rí. Omi ń hó, abọ́ ń dún, Ọmọ́yẹni ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan, ọkọ̀ okùn aago mẹ́fà kì í sì í dúró de ọmọ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, mo ti gbìyànjú. Màá fò dìde, màá máa ya irun ọmọ, màá máa wọ aṣọ, Màámi á ṣì máa kùn bọ̀ lẹ́yìn mi títí ilẹ̀kùn á fi pa dé. Mo rò pé ẹjọ́ mi ni wọ́n ń rò fún ògì.

Ṣóbándé tẹ nǹkan kan, ohùn Màámi sì jáde láti inú tábìlì, tòun ti ìró ìkòkò.

"Àwẹ̀ró, ọmọ Ìdí-Ìgèrè,
ọmọ agbẹ́ja ńlá fi kékeré sílẹ̀,
ọmọ a-kọ́lé-sórí-omi má bòjò jà.
Omi gbé ilé yín, kò gbé orúkọ yín;
òkúta ní í rì, orúkọ kì í rì…"

Orí mi wú. Àwẹ̀ró ni oríkì mi, ìyẹn yé mi. Ìyókù ni kò yé mi. Alágbẹ̀dẹ ni ìdílé ọkọ mi, ẹwìrì àti irin ló kún oríkì tiwọn. Ta ni ọmọ ẹlẹ́ja? Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Ìdí-Ìgèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára. Ìlú baba mi ni. Omi ti bò ó láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà lórí òkè yìí kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ó ti kú. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹ̀dá kankan mọ́. Mi ò mọ oríkì orílẹ̀ mi. Mo ti gbà pé ó bá omi lọ.

"Mi ò lóye," mo ní. "Ìyàwó ní í kọ́ oríkì ilé ọkọ. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é kí ìyá ọkọ máa kọ́ oríkì ilé baba ìyàwó?" Ìtìjú sì mú mi bí mo ti ń sọ ọ́, torí ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nílé wọn, mi ò mọ ìlà mẹ́ta nínú oríkì alágbẹ̀dẹ.

"Èmi náà ò mọ̀," ni Ṣóbándé wí. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlẹ̀kẹ̀ tuntun kì í ka oríkì tí wọ́n ń fẹnu kì fún ẹni tó kàn wà nítòsí. Ẹni tí wọ́n ń kì ló ń kà á fún. Ẹ̀yin ni wọ́n ń kì."

Ohùn Màámi ń lọ. Mò ń gbọ́ ìlà kan, òmíràn ń kọjá lọ. Lójijì ni ohùn obìnrin kan já a, ohùn líle bí ohùn agbowó-orí: "Màámi, ó ti yá o! Ọmọ́yẹni, bọ́ síta!" Ilẹ̀kùn dún gbàgà, ó parí.

"Ta ni obìnrin aláìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn?" Mo ti bi í kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Ṣóbándé bó ẹ̀pà kan. "Bó ṣe rí láràárọ̀ nìyẹn. Kò parí rí, ohun tí kò bá sì parí, Àká kì í gbà á. Ẹ mọ bí oríkì ṣe ń parí láàárọ̀. Àgbà tó ń kini ní í sọ pé 'Dìde, ọmọ mi.' Ọjọ́ mẹ́fà ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ yín. Ní ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, fúnra yín lẹ dìde."

Mo fa ìlẹ̀kẹ̀ náà sábẹ́ apá aṣọ mi.

"Ọjọ́ méje ni ìlẹ̀kẹ̀ fi ń tọ́jú ohun tí kò parí. Lọ́la ló pé. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúró, kí wọ́n ní kí ẹ dìde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì mọ ohun tí òfin ń fún ẹni tó bá mú odindi ewì wá fún Àká. Wákàtí méjì ìsinmi lóòjọ́, títí ayé. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ohun tí ẹ fi ṣe."

Wákàtí méjì! Èmi tí mò ń jẹun ní ìdúró. Èmi tí ọmọ mi máa ń bi pé, "Màmá, ṣé ẹ ti dé ni àbí ẹ tún ń lọ ni?" Mo fẹ́ wákàtí méjì yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

"Bí kò bá parí lọ́la ńkọ́?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ á kọ 'ariwo ilé' sí i, kò sì ní kà á mọ́, àfi ọjọ́ tó bá gbọ́ 'dìde'."

"Màámi ńkọ́?"

"Oṣù mẹ́sàn-án ní Ilé Àká. Oúnjẹ gidi, ibùsùn gidi. Wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀ tán pátápátá, wọ́n á sì dá wọn padà." Ó gbójú sókè. "Ẹ má sọ fún wọn o. Ẹni tó bá mọ̀ pé à ń gbọ́ òun, ohùn rẹ̀ á yí. Láti ìsinsìnyí lọ, ohunkóhun tí ẹnu bá sọ nílé yín, etí mi wà níbẹ̀."

Mo padà sídìí iṣẹ́ bàbá aṣebúrẹ́dì. Títí iṣẹ́ fi parí, mi ò rí ìlà kankan fi sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ okùn já wa sílẹ̀ ní òkè tiwa, mo pàdé Bàbá Ajíbóyè tó ń gbé ní àjà tó wà lókè wa. Wọ́n wá pàdé ọmọ ọmọ wọn tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Bàbá la ẹnu, wọ́n ní, "Àkàngbé, ọmọ…" Ìlẹ̀kẹ̀ tí Ilé Àká so mọ́ wọn lọ́fun sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. "Èyí ti wà nínú Àká," ló wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ẹ gbọ́ ọ nínú àlàfo yín." Bàbá pa ẹnu dé. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbọ́n eruku kúrò ní àyà ọmọ, àwọn méjèèjì sì dúró, wọn ò mọ ohun tó kàn.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Ọmọ́yẹni," ni bàbá kí mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," mo ní, mo sì yára kọjá. Ọdún tó kọjá ni wọ́n dé láti Ilé Àká. Ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n tiẹ̀ sanra. Èmi gan-an ni mo mú ìlà mẹ́rin nínú oríkì wọn, tí mo fi sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ gbogbogbò ní òkè kẹta, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró kí omi gbóná. Ó bọ́ síbẹ̀ rẹ́gí. Wọ́n yìn mí fún un.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Òfin yẹn kò burú nígbà tí wọ́n ṣe é. Mo bá Ọdún Ìdákẹ́ láyé, nígbà tí ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ dípò gbogbo wa débi pé ọmọ ọlọ́dún márùn-ún kò lè pe ìyá rẹ̀. Ewì ló là wọ́n lẹ́nu. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, ohun tí mo mọ̀ yẹn kò dá mi lójú mọ́.

Nígbà tí mo wọlé, Màámi wà lórí àpótí, wọ́n ń fọ ọwọ́. Gbogbo ìka wọn ló funfun tó sì ya lẹ́sẹ̀ èékánná, bí ìka ẹni tó ti ń bó ẹ̀gúsí láti àárọ̀. A kì í sì í bó ẹ̀gúsí nílé wa, bíbó la ń rà.

"Ìyàwó, káàbọ̀. Ojú rẹ ti rí? Ṣé wọn ò fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n fún mi, Màámi. Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ọwọ́ àgbà nìyẹn," wọ́n ní, wọ́n sì fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ọmọ́yẹni ló tú u jáde. Ọmọ tèmi kì í lè gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó fò mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Màmá, lónìí a bó ọpọ́n méjì! Ìyá arọ ní àgọ́ àwọn tí omi gbé ilé wọn lọ, tí a bá bá wọn bó ọpọ́n kan, wọ́n á sọ ìlà méjì fún Ìyá Àgbà. Tí wọn ò bá rántí, a óò tún bó òmíràn. Ìyá Àgbà ní ó ti pé ọdún méjì tí…"

Mo ti fò dé ìdí ẹ̀rọ ata. Mo tàn án. Ó bú sí igbe gbirirì, ọmọ ń la ẹnu, mi ò gbọ́, mo sì gbàdúrà pé kí Ṣóbándé náà má gbọ́. Bí wọ́n bá mọ ti ìyá arọ yẹn, wọ́n á gbé òun náà.

Màámi wò mí títí. "Ìyàwó!" wọ́n pariwo. "Ata wo lò ń lọ̀? Kò sí nǹkan nínú ẹ̀rọ yẹn!"

"Mò ń fọ̀ ọ́ ni, Màámi!"

"Ṣé afẹ́fẹ́ lo fi ń fọ̀ ọ́?"

Mo dúró tì í títí Ọmọ́yẹni fi rí nǹkan mìíràn lépa. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo pa á. Etí mi ń hó. Ọdún méjì! Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ó ń gun òkè, ó ń bó ẹ̀gúsí fún ẹlẹ́gúsí, kó lè máa ra ìlà méjì méjì oríkì ìyàwó tí kì í dúró gbọ́ ọ. Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Bóyá wọ́n sọ, bóyá mò ń wá bàtà. Inú bí mi sí wọn, inú bí mi sí ara mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Mo fẹ́ dì mọ́ wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ń wò mí láti ọrùn ọwọ́.

Ohun tó wà níwájú mi kò le láti sọ. Bí mo bá dúró lọ́la títí wọ́n á fi ní kí n dìde, màá gbọ́ odindi oríkì baba mi, màá gba wákàtí méjì, ẹnu Màámi á sì di ẹnu Bàbá Ajíbóyè. Bí mo bá tún ṣáájú wọn dìde, ẹnu wọn á wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn láé, torí etí kan ti wà nílé wa. Wọ́n á gbà títí dé sàréè pé èmi ìyàwó wọn kò ní ẹ̀kọ́. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Èwo lẹ fẹ́ mú?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò tíì mú ọ̀kan. Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, mo wọ ilé ìdáná, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màámi."

"Àwẹ̀ró," ni wọ́n wí sí ògì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbọ́ ọ. Omi ń hó, mò ń gbọ́. Ọmọ́yẹni ní òun kò rí bàtà, mo ní kó wọ sálúbàtà. Wọ́n kì mí dé ọ̀dọ̀ baba ńlá mi tó ń fọwọ́ kan omi láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kì mí dé ọ̀dọ̀ ìyá baba mi tó ń sun ẹja tí kì í jó. Orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, lẹ́yìn náà ó kú, mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo gbọ́ ọkọ̀ okùn aago mẹ́fà tó kọjá lójú fèrèsé. Màámi dákẹ́, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wò mí nílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún kọjú sí ìkòkò.

"Àwẹ̀ró, ìyá rẹ gbé ọ lé èjìká,
omi dé orúnkún, kò wẹ̀yìn,
omi dé ìbàdí, kò wẹ̀yìn,
ó nà ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí òkè,
ó ní, ẹ gba èyí, ẹ jẹ́ n padà lọ wo baba rẹ̀…"

Ẹkún gbọ̀n mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbé mi sá. Mi ò mọ̀ pé ìyá mi dé òkè. Mi ò mọ̀ pé ó dé òkè tó sì padà.

Ohùn Màámi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Wọ́n pa iná. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n yí padà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ tó ya fún ẹ̀gúsí lé mi lórí. Ó ku ìlà kan, bóyá méjì, lẹ́yìn èyí ni "dìde". Gbogbo ara mi ló fẹ́ ẹ. Ẹ̀dá wo ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé 'Dìde, ọmọ mi,' lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Mo rí ètè wọn tó ń là.

Mo dìde.

Ẹsẹ̀ mi ti kú, ǹ bá ti ṣubú bí mi ò bá di ẹnu ilẹ̀kùn mú. Ọwọ́ Màámi wà nínú afẹ́fẹ́ níbi tí orí mi ti wà. Mi ò rí irú ojú yẹn lójú wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin bàbá ọkọ mi.

"Kò tíì parí," ni wọ́n wí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Mo mọ̀, Màámi." Mo wá ọ̀rọ̀ tí Ṣóbándé lè gbọ́ kó má rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀. "Tótó ó ṣe bí òwe o. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ jẹ́ kí àjẹkù wà fún Ọmọ́yẹni."

Màámi rọra sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ mi, tàbí bóyá ọwọ́ mi ni wọ́n wò.

"Wàá pa òmíràn," wọ́n ní. Wọ́n bu ògì fún ọmọ, wọ́n kẹ́yìn sí mi.

Lójú òfuurufú, nínú ọkọ̀ okùn tó tẹ̀lé e, láàárín òkè kejì àti ìkẹta, ni ìlẹ̀kẹ̀ mi ti tutù. Mo wò ó. "Ariwo ilé," ló kọ síbẹ̀. Mo sunkún láàárín àwọn èèyàn, wọ́n rò pé ewì àárọ̀ ló wọ̀ mí lára, obìnrin kan sì fún mi ní áńkáṣíìfù.

Ṣóbándé ń dúró dè mí. "Ó ku ṣín-ín-ṣín, Ìyá Ọmọ́yẹni. Kí ló lé yín?"

"Ọkọ̀ ni, ọ̀gá. Ọkọ̀ kì í dúró."

"Ọkọ̀ ti lọ kí ẹ tó dìde. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kọjá."

Mo dúró síwájú rẹ̀ bí olè tí wọ́n bá ewúrẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó wo àwo ẹ̀pà rẹ̀. Ó ti jẹ ẹ́ tán, ó ku bí mẹ́fà nísàlẹ̀. Ó tì í sí mi.

"Òwe yẹn dùn," ó ní. Ó sì kọjú sí ìwé rẹ̀.

Ọmọdé ń fún àgbà ní àjẹkù! Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ̀sí ni tàbí àánú. Mo jẹ ẹ́. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, mo sì fi ìlà ẹyọ kan péré fún bàbá aṣebúrẹ́dì, kó lè rí iná rẹ̀ wò fún ìyókù.

Lọ́jọ́ kejì, mo jí ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ìgbà tí mo máa ń jí. Mi ò mọ̀ bóyá Màámi á dá mi lóhùn. Mo wọ ilé ìdáná, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ń ro ògì. Wọ́n rò ó títí. Mo ti ń ronú pé ìyà tó tọ́ sí mi nìyẹn nígbà tí mo gbọ́ ohùn tí kò ròkè tí kò rodò.

"Àwẹ̀ró, ọmọ Ìdí-Ìgèrè,
ọmọ agbẹ́ja ńlá fi kékeré sílẹ̀,
Àwẹ̀ró a-dìde-kí-wọ́n-tó-ní-ó-dìde,
a-jẹun-tán má gbọn àwo,
ìyàwó tó lọ ata tí kò sí nínú ẹ̀rọ…"

Mo gbójú sókè. Mi ò tíì gbọ́ ìlà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn rí. Màámi kò wo ojú mi, ògì ni wọ́n ń wò. Títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mi ò mọ̀ bóyá èébú ni tàbí oríkì, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Mo fìdí lé gìgísẹ̀, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, mo dìde.